Ìlà Tí Bàbá Mi Fà

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Àgọ́-Àmọ́dù báyìí, kó tó wọ Ṣakí rárá ni yóò ti rí orí rìbìtì mọ́ṣáláṣí wa tó ń dán nínú oòrùn bí ìdí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eérú fọ̀. Bí àwọn àlejò bá dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tán, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Bàbá, kí ló dé tí ilé ńlá báyìí fi dúró wọ́ sí títì?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò kọjú sí títì, kò sì kọ ẹ̀yìn sí i. Èjìká ló yí sí i, bí ìyàwó tí inú ń bí. Ó ti rẹ̀ mí láti máa dáhùn. Èmi ni olórí àwọn bíríkìlà tó kọ́ ọ, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kan èèkàn àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, síbẹ̀ bí ẹ bá ní kí n sọ bó ṣe jẹ́ gan-an, orí mi ṣì máa ń dàrú kí n tó débi kan.

Bíríkìlà ni bàbá mi náà. Òun ló fa ìlà mọ́ṣáláṣí àtijọ́, èyí tó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun yìí títí dòní. Nígbà tiwọn, ẹni tó bá fẹ́ fa ìlà mọ́ṣáláṣí yóò jí dé orí ilẹ̀ náà pẹ̀lú okùn àti èèkàn méjì. Yóò dúró títí oòrùn yóò fi yọrí. Yóò kan èèkàn kan síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò kan ìkejì sí ìhà ibi tí oòrùn ti yọ, yóò fa okùn láàárín wọn, ó parí. Ìyẹn ni gábàsì. Ọwọ́ àwọn Gàm̀bàrí la ti yá ọ̀rọ̀ náà, a sì fi ń ṣe iṣẹ́ méjì: a fi ń pe ibi tí oòrùn ti ń yọ, a tún fi ń pe ibi tí à ń kọjú sí láti kírun. Kò sẹ́ni tó rò pé ohun méjì ni. Bàbá mi mọ iṣẹ́ yìí débi pé àwọn ará ìlú Ìràwọ̀ àti Otù ń wá pè é. Ẹni tó mọ ilé oòrùn, bí wọ́n ṣe máa ń kí i nìyẹn. Lọ́jọ́ tó kú, Lèmọ́mù sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn pé ẹni tó mọ ilé oòrùn ti lọ sílé. Mo sunkún, inú mi sì tún ń dùn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi máa ń yọ bàbá mi lẹ́nu nígbà ayé rẹ̀. Kì í dúró gún nínú ìlà ìrun. Bí gbogbo wa bá tò, tí èjìká kan èjìká, òun a yí díẹ̀ sọ́wọ́ òsì. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ gan-an ni èmi sì máa ń dúró sí, nítorí náà a máa dà bí ẹni pé èmi ló ń kírun sí. Mo ní, "Bàbá, ẹ wo iwájú o, èmi kọ́ ni Ọlọ́run." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ìbàdí ni, pé láti ìgbà tí àwọn ti já bọ́ lórí igi níbi tí àwọn ti ń kọ́lé ní Otù ni ìbàdí àwọn ò ti gún mọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, ta ni ìbàdí kì í dùn?

Ọjọ́ tí wọ́n kú, iṣẹ́ ni mo wà ní Ìṣẹ́yìn. Kí n tó dé, wọ́n ti gbẹ́ sàréè tán ní ẹ̀yìnkùlé wa. Inú bí mi nígbà tí mo rí i, torí wọ́n gbẹ́ ẹ wọ́ sí ògiri ilé. Sàréè bíríkìlà, kí ó wá wọ́! Mo mú un mọ́ra. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ lọ, mo da kọnkéré sí i. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n láti ara ògiri, mo jẹ́ kó bá ilé dọ́gba régírégí, mo yọ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo dán an. Àwọn èèyàn wá wò ó, wọ́n ní ọmọ tó mọ iyì bàbá ni mí. Ìyá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n padà wọlé. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni.

Ìgbà tí mọ́ṣáláṣí àtijọ́ wá kéré jù, tó jẹ́ pé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ títì là ń tẹ́ ẹní sí, ìlú fẹnu kò pé ká kọ́ ńlá. Àwọn ọmọ ìlú tó wà níta ní ilé ńlá ni kí ó jẹ́, kí ó jẹ́ èyí tí ojú kò rí rí. Wọ́n rán ọmọbìnrin kan tó ń yàwòrán ilé sí wa láti Ìbàdàn. Ó tẹ́ ìwé gbàràmù-gbaramu kan sórí tábìlì Lèmọ́mù, a fi kẹ́tùrù àlùwàlá tẹ etí kan, a fi bàtà mi tẹ etí kejì. Ẹ gbà mí o, ilé! Orí rìbìtì kan tó bo gbogbo àárín láìsí òpó kankan lábẹ́ rẹ̀. Ilé gogoro mẹ́rin ní igun mẹ́rin. Òkè tí àwọn obìnrin yóò ti máa kírun, àtẹ̀gùn tiwọn lọ́tọ̀. Fèrèsé rẹ̀, ó ní ara òfì tí wọ́n ń hun ní Ìṣẹ́yìn lòun ti wo bátánì wọn, pé kọnkéré la ó fi dá ihò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan kí ìmọ́lẹ̀ lè máa gba ibẹ̀ wọlé ní ìlà-ìlà. Bàbá àgbà kan, ọ̀rẹ́ bàbá mi, ní ṣé Mẹ́kà la fẹ́ gbé wá sí Ṣakí ni. A rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín pẹ́, torí mo ti rí i lórí ìwé náà pé ilé tuntun kò bá mọ́ṣáláṣí àtijọ́ dọ́gba.

Mo ní, "Ọmọ mi, ìwé yìí wọ́."

Ó ní, "Kò wọ́, Bàbá. Ẹ má bínú, èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló wọ́."

Háà! Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo ní ṣé ó mọ ẹni tó fa ìlà èyí tó wà nílẹ̀? Mo ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní, "Òótọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n àkísà kọ́ la fẹ́ fi bo mọ́ṣáláṣí." Ẹ̀rín gba inú ilé kan. Ọ̀rẹ́ bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ṣe mí bí i kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

A jáde. Ọmọbìnrin náà gbé fóònù lé àtẹ́lẹwọ́, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì atọ́nà inú rẹ̀ gbọ̀n títí ó fi dúró, òun náà sì kan irin gbọọrọ méjì mọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ tuntun náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Mo wo ìlà irin méjèèjì, mo wo ibi tí ògiri iwájú mọ́ṣáláṣí bàbá mi kọjú sí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ju ìdajì igun ilé lọ. Ẹ gbọ́, bó bá jẹ́ díẹ̀ ni, mo lè ní ọwọ́ ló gbọ̀n. Èyí kì í ṣe ti ọwọ́ gbígbọ̀n. Bí irin yìí bá ṣe òótọ́, a jẹ́ pé ibi tí kì í ṣe ibẹ̀ ni bàbá mi yí gbogbo ìlú sí, tó sì kú pẹ̀lú oríkì ẹni tó mọ ilé oòrùn.

Lèmọ́mù fà mí sẹ́yìn. Ó ní, "Ìwọ ni olórí bíríkìlà. Ìwọ lo máa kan èèkàn lọ́jọ́ ìpìlẹ̀. Lọ wò ó dáadáa. Ìlà tí o bá fà ni a ó tẹ̀ lé." Ó ṣe é bí ẹni ṣe mí lóore, àṣé ẹrù ló gbé lé mi lórí. Bí mo bá fa ti fóònù, mo fi ọwọ́ ara mi tú àṣírí bàbá mi lójú ayé, ìyá mi ṣì wà láyé tí yóò gbọ́. Bí mo bá fa ti bàbá mi, tí ọmọbìnrin yìí bá wá jàre, ìrun gbogbo ìlú di ọrùn mi. 

Mo wá pinnu pé oòrùn ni yóò dájọ́. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo lọ dúró lẹ́yìn irin méjèèjì, mo fẹ́ kí oòrùn yọ níwájú mọ́ṣáláṣí bàbá mi, kí n pe ọmọbìnrin náà, kí n ní, "Wá wò ó, akọ̀wé." Ìgbà òjò ni, àgbàdo ti ń yọ irùngbọ̀n. Ọjọ́ kìíní, ìkùukùu bo gbogbo ojú ọ̀run. Ọjọ́ kejì, òjò lé mi wọlé. Ọjọ́ kẹta, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Mo dúró, mo di ojú kan, mo ń fi irin ẹ̀yìn wo irin iwájú. Oòrùn yọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, orí irin iwájú gan-an ló yọ sí! Bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́ ọn. Mọ́ṣáláṣí bàbá mi wà lọ́hùn-ún lọ́wọ́ ọ̀tún, ojú rẹ̀ dojú kọ igi ẹmi kan, igi òrí tó wà nínú oko olóko, kò sí oòrùn níbẹ̀, kò sí nǹkan kan.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú ìrì. Ohun tó dà mí lórí rú ni pé mo mọ̀ dájú, mo fi ojú ara mi rí i láìmọye ìgbà, pé oòrùn máa ń gba fèrèsé ẹ̀gbẹ́ Lèmọ́mù wọlé tààrà ní mọ́ṣáláṣí àtijọ́, tí yóò máa ta sí wa lójú. Ṣé irọ́ ni ojú mi ń pa látijọ́ ni? Àbí oòrùn ti kó lọ? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi nígbà wo ló máa ń gba ibẹ̀ wọlé. Mo rántí ètè tó là. Mo rántí pé ẹ̀wù òtútù máa ń wà lọ́rùn wa. Ọyẹ́ ni. Ìgbà ọyẹ́ nìkan ni.

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbẹ̀ ni gbogbo wa níhìn-ín, bíríkìlà tó bá ní òun ò ní oko, irọ́ ló ń pa. Ta ni kò mọ̀ pé oòrùn ìgbà òjò kì í yọ níbi tí ti ọyẹ́ ti ń yọ? Mo mọ̀ ọ́n lóko. Lórí ebè iṣu, mo mọ̀ ọ́n. Àfi bí mo bá ti dé ìdí mọ́ṣáláṣí ni mo máa ń gbàgbé, torí pé gábàsì la pè é, a sì rò pé gábàsì kì í rìn.

Ọmọbìnrin náà bá mi níbẹ̀. Kò fi mí rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́ ìyẹn. Ó ṣa òkúta méjì, ó fi ọ̀kan ṣe Ṣakí, ó fi ọ̀kan ṣe Mẹ́kà, ó fi ìka fa ìlà sórí iyẹ̀pẹ̀. Mẹ́kà kò sí ní tààrà ìlà-oòrùn wa. Ó yà sókè lọ sọ́wọ́ òsì. Ó ní oòrùn ò tilẹ̀ lọ́wọ́ sí i, pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni pé ìhà ibẹ̀ ló máa ń yọ sí nírú àsìkò yìí. Mo ní, "Nígbà náà, gábàsì kọ́ là ń kọjú sí?" Ó ní, "Mẹ́kà ni, Bàbá." Mo tún bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó yé mi létí, kò yé mi níkùn.

Mo gba ilé lọ. Ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń pa ẹ̀pà sínú igbá. Mo jókòó tì wọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn pa á, mo fẹ́ fi ọgbọ́n bèèrè.

"Ìyá, ìgbà wo ni Bàbá fa ìlà mọ́ṣáláṣí àtijọ́?"

"Ọyẹ́ ni. Ètè mi là débi pé mi ò lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti wa iṣu tán, wọ́n ti gé ọkà bàbà. Ìgbà wo lo tún rò? Ta ló máa kọ́ ilé alámọ̀ nígbà òjò?"

Ó tán. Gbogbo mọ́ṣáláṣí tí bàbá mi fa ìlà rẹ̀, nígbà tí ọwọ́ àgbẹ̀ bá dilẹ̀ ni. Oòrùn ọyẹ́ ni gbogbo wọn kọjú sí. Mo wolẹ̀, mo ń pa ẹ̀pà mi lọ. Ìyá mi wo ojú mi, wọ́n gbé igbá ẹ̀pà sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Wọ́n ti sọ fún ọ pé ìlà náà ò gún."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Bàbá ẹ."

Mo ní, "Bàbá mi kẹ̀?"

Ìyá mi ní ẹnìkan ló ti Mẹ́kà dé, tó fún bàbá mi ní ẹní ìkírun kan tí wọ́n lẹ kọ́ńpáàsì kékeré mọ́ lórí. Bàbá mi yí ẹní náà títí, wọ́n ní nǹkan orí rẹ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n gbé e lọ sóko nígbà òjò, wọ́n fi ti oòrùn wò, ó bá ti kọ́ńpáàsì náà mu. Lọ́jọ́ náà, wọ́n dé láti oko, wọn ò jẹun. Wọ́n lọ sọ fún Lèmọ́mù ìgbà yẹn, ẹni tó bí Lèmọ́mù tòní. Ìyẹn ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, kí bàbá mi má da ìrun àwọn èèyàn rú, torí obìnrin tó lóyún sínú gan-an ru omi sí ògiri yẹn. Bàbá mi pa ẹnu wọn mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò lè pa ara wọn mọ́.

Mo ní, "Ìbàdí!"

"Ìbàdí wo? Koko ni ìbàdí bàbá ẹ le títí tó fi kú."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún. Gbogbo ọdún tí mo fi ń bú wọn pé wọ́n ń kírun sí mi! Mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Ibo lẹ̀ ń kọjú sí?"

"Nínú ilé, ibi tí bàbá ẹ bá kọjú sí. Ní mọ́ṣáláṣí, ibi tí gbogbo ayé bá kọjú sí."

"Èwo wá ni Ọlọ́run ń gbà níbẹ̀?"

"Bó o bá rí i, kó o bi í."

Ibi tí mo ti ń wá bí màá ṣe dìde ni ojú mi ti bọ́ sára sàréè.  Ìyá mi rí ibi tí mò ń wò. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bí òun bá kú, kí wọ́n gbẹ́ ẹ bí ẹní yẹn ṣe wí. Èmi ni mo dúró ti àwọn tó gbẹ́ ẹ."

Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi nígbà tí mò ń dà á?"

"O ń sunkún, o ń da kọnkéré. Mo ní bí ìbínú ẹ bá rọ̀, màá sọ. Kò rọ̀."

Lọ́jọ́ ìpìlẹ̀, ìlú kún fọ́fọ́. Mo kan èèkàn àkọ́kọ́, mo kan ìkejì, mo fa okùn. Ìlà irin ọmọbìnrin náà ni mo tẹ̀ lé láìyẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá mi fi ọ̀pá tọ́ka sí i, ó pariwo pé, "Ta ló ni ìlà yìí? Ti bàbá ẹ kọ́ nìyí!"

Mo ní, "Ti bàbá mi ni."

 Ọmọbìnrin náà ń wò mí, kò yé e. Lèmọ́mù wúkọ́, ó ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ó sì gba àdúrà. Títí dòní mi ò mọ bó ti pẹ́ tó tí òun náà ti mọ̀, n kò sì ní bèèrè.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Orí rìbìtì nìkan, a di irin rẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí a tó dà á, ọjọ́ tí a sì máa dà á, ọmọbìnrin náà ní a ò gbọdọ̀ dúró, torí bí apá kan bá gbẹ kí èkejì tó dé, yóò sán. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ń gba ọwọ́, obìnrin ń ru omi, òógùn ń wọ inú kọnkéré. Nígbà tí a yọ pákó abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà, gbogbo wa sá síta. Èmi náà sá. Ó dúró gbọin. Gbogbo igun ilé yìí ló gún, mo fi ọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé lálaalẹ́, kọnkéré tí mo dà wọ́ sórí sàréè bàbá mi ni mò ń bá. Àìmọye ìgbà ni mo mú òòlù, tí mo tún gbé e sílẹ̀. Kí ni màá sọ fún àwọn aládùúgbò?

Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́ tí a kírun níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba ihò fèrèsé wọlé ní ìlà-ìlà bí òfì lóòótọ́. A tò, èjìká kan èjìká. Mo gba ojú fèrèsé wo mọ́ṣáláṣí àtijọ́ lọ́hùn-ún, mo wá wo ìlà tiwa. Gbogbo ìlú ló yí sọ́wọ́ òsì. Bí bàbá mi ṣe máa ń dúró gẹ́lẹ́ ni. Mi ò gbọ́ ohun tí Lèmọ́mù kà mọ́, omi ojú ló bò mí.

Mo délé, n kò bọ́ agbádá, mo mú òòlù ńlá, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá mi jáde, wọ́n fi ara ti ògiri. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnkéré níbi tí mo máa ń dúró sí láràárọ̀ láti kí bàbá mi, mo gbé òòlù sókè.

Ìyá mi ní, "Sún kúrò níbẹ̀ ná. Orí ẹsẹ̀ bàbá ẹ lo dúró sí."